Fláyà yín kò sọ nǹkan kan létí màmá yẹn

Ìbéèrè kan wọlé láti Ìbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ orí ayélujára ní iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kékeré kan. Lóṣù tó kọjá, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ wá sí ọ́fíìsì wa. Ojú wọn ti lọ. Wọ́n ní gbogbo fláyà tí à ń fi ránṣẹ́ sáwọn lórí WhatsApp, fóònù àwọn kì í kà á. Nígbà tí a yí ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí padà, àwọn ò gbọ́. Ìgbà tí àwọn dé ilé ìwòsàn ni wọ́n sọ fáwọn pé káàdì àwọn ti kú. Ojú tì mí. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ó yẹ ká tún ọ̀nà tí à ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣe. Wọ́n ní afọ́jú mélòó ló wà nínú oníbàárà wa, pé owó dà? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé oore ńlá ni màmá yẹn ṣe yín. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í wá sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn á ní kí ọmọ tàbí ará ilé máa bá àwọn ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, títí kan àṣírí àìsàn ara wọn, tàbí kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ yín láìdágbére. Màmá yẹn wọkọ̀, wọ́n wá, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ fún yín.

Gbólóhùn kan ni màá fi dáhùn ìbéèrè yín, gbogbo ìyókù inú rẹ̀ ló ti ń jáde: ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ yéé fi àwòrán ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ gbé fláyà tí ẹ fi kéde ọjọ́ tuntun yẹn wá síwájú. Ẹni tó bá yín ṣe é to ọ̀rọ̀ sí i, ó fi àwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó fi nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀ di fọ́tò. Lójú yín, ọ̀rọ̀ ni. Lójú fóònù, fọ́tò ni, kò sì yàtọ̀ sí fọ́tò ewúrẹ́. Ohun tó wà nínú fóònù màmá yẹn tó ń kà á sí wọn létí ni wọ́n ń pè ní TalkBack bó bá jẹ́ Android, VoiceOver bó bá jẹ́ iPhone. Lẹ́tà tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà ló mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó dé orí fláyà yín, ohun tó lè sọ kò ju pé fọ́tò kan rèé àti aago tó wọlé. Lóòótọ́, àwọn fóònù kan ti ń gbìyànjú láti méfò ohun tó wà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí káàdì ìlera èèyàn máa kú kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ìméfò.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ tan TalkBack. Kí ẹ tó tàn án, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, nítorí bó bá ti ń ṣiṣẹ́, fóònù kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu bíi tàná mọ́: ẹ ó fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó lè sọ orúkọ rẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra kó tó ṣí. Bí ẹ bá fi ìka kan gbá ojú fóònù lọ sápá ọ̀tún, á bọ́ sórí ohun tó kàn. Ẹ ṣí WhatsApp iléeṣẹ́ yín, ẹ dijú, kí ẹ máa gbá a lọ láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá lè rí ọ̀gá yín mú jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kò ní sí pé ẹ ń rojọ́ púpọ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma gba ojú rẹ̀ nígbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì í nígbà tó fẹ́ fi owó ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti orí áàpù báǹkì kan. Ìka rẹ̀ ń lọ lójú fóònù, ohùn inú fóònù ń wí pé: "Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì tí kò lórúkọ. Bọ́tìnnì." Ó ti há a sórí pé ẹ̀kẹta láti òkè ni wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún áàpù náà ṣe lóru, nǹkan ti kúrò níbi tó wà. Ó wá a títí ó fi rí i. Báǹkì wá fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sínú SMS. Ó jáde kúrò nínú áàpù, ó lọ gbọ́ nọ́ńbà náà, ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú, ó padà wá. Àkókò ti lọ, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta tí èyí ṣẹlẹ̀, ó dìde, ó sọdá títì lọ bá ọmọbìnrin tó ń ṣe POS, ó na fóònù sí i, ó sì ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè níta gbangba. Mo ní kí ló dé tí kò fún èmi. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó fà á. Ẹni tó kọ áàpù yẹn fi àwòrán kékeré sórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kò sì kọ orúkọ sí abẹ́nú rẹ̀. Ìlà kan péré ni kíkọ rẹ̀. Báǹkì náà fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi láti máa sọdá títì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ fláyà la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ ń fi ránṣẹ́ jù. N kò ní kí ẹ má ṣe fláyà mọ́. Ó ń wu èèyàn, ó sì ń rọrùn láti pín. Ohun tí mo wí ni pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ní títẹ̀: ọjọ́, aago, àdírẹ́sì, iye owó, nọ́ńbà tí wọn á pè. Lórí WhatsApp, àyè tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò ti tó. Lórí Facebook, Instagram, X àti LinkedIn, ibì kan wà tí wọ́n kọ Alt text sí nígbà tí ẹ bá ń gbé fọ́tò sókè. Ibẹ̀ lẹ ó ti ṣàpèjúwe àwòrán fún ẹni tí kò rí i.

Bí ẹ bá ya fọ́tò níbi ètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ má kọ "fọ́tò ètò wa" sí i. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù: "Nọ́ọ̀sì kan ń wọn ìfúnpá ìyá àgbà kan lábẹ́ àtíbàbà ní Ọjà Bódìjà, àwọn obìnrin mẹ́fà tò sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de àyè tiwọn." Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó. Kò pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán yìí ń fi hàn pé", fóònù á ti sọ pé fọ́tò ni kó tó dé ibẹ̀. Àwòrán tó bá jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ lásán ló wà fún lórí wẹ́ẹ̀sáìtì yín, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣe é fi àyè àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ̀rọ lè fò ó. Èèyàn tó ń wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn kò nílò láti gbọ́ nípa òdòdó mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé.

Àwọn lẹ́tà oge tí àwọn ọ̀dọ́ ń dà kọ lórí Instagram, èyí tó rí bíi pé wọ́n fi kálàmù kọ ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àmì ìṣirò ni wọ́n. Ẹ̀rọ á máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kó fò wọ́n pátápátá. Emoji kan lópin gbólóhùn kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àdúrà mẹ́jọ léraléra, orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ lèèyàn lè gbọ́.

Ọ̀ràn kan wà níbí tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an, mi ò sì fẹ́ kánjú kọjá níbẹ̀. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń sá pamọ́ sínú fláyà bí wọ́n bá fẹ́ kọ Yorùbá: àmì ohùn ń fọ́n ká. Èèyàn á tẹ "ẹ̀" dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó bá dé orí fóònù ẹlòmíì, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo yọ níbẹ̀. Wọ́n á wá sọ ọ́ di fọ́tò kó má bàa bàjẹ́. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí Yorùbá nìkan yé, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran, gan-an la ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń fa ìfọ́nká yẹn ni àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi àmì mìíràn ya bíi "ẹ" àti "ṣ". Ojú á rí "ṣ", àmọ́ àmì owó tàbí àmì ìdánudúró kan ló wà níbẹ̀ gan-an, ohun tí ẹ̀rọ sì máa kà nìyẹn. Ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá tẹ ọ̀rọ̀ yín. Gboard, kíbọọ̀dù Google, ní i fún fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lo fọ́ǹtì òde òní tó mọ àwọn lẹ́tà wa. Lórí wẹ́ẹ̀sáìtì, ẹ ní kí wọ́n kọ lang="yo" sínú kóòdù ojú ìwé tó bá jẹ́ Yorùbá. Bí ojú ìwé bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lòun, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ máa fi ka Yorùbá inú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù ló máa fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kà á náà, torí kò sí ohùn Yorùbá nínú wọn. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ á wá dún bákan náà. Nítorí èyí, ohun tí mo máa ń gba àwọn iléeṣẹ́ nímọ̀ràn nílé wa níbí ni pé kí ẹnì kan tó mọ Yorùbá sọ ka iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì sínú voice note, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ títẹ̀. Kí méjèèjì jọ lọ ni o. Ohùn nìkan kò ní dé ọ̀dọ̀ adití, ọ̀rọ̀ títẹ̀ nìkan kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kàwé. Mo ti rí ìyá tó ń ta ata tó gbé irú voice note bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà rẹ̀ gbọ́. Fláyà kan kò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ níwájú mi.

Níti fídíò, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń bá ohùn lọ. YouTube lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ jókòó kà á kí ẹ tó gbé e jáde. Bó bá dé orí "Mọ́níyà" tàbí "Ọ̀jọ́ọ̀", ẹ ó rí ohun tó máa kọ. Kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ràn nìkan ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó wà nínú takisí Micra láti Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ tí kò mú earpiece dání á ka fídíò yín láìtan ohùn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti parí gbogbo ọ̀ràn àwọn adití. Ní 1960, Andrew Foster, olùkọ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn yín níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Èdè àfọwọ́sọ tó mú wá láti Amẹ́ríkà ló ta gbòǹgbò nínú èyí tí ọ̀pọ̀ adití Nàìjíríà ń sọ títí dòní. Fún irú wọn, ọwọ́ ni èdè àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí a kọ sílẹ̀, èdè kejì ni. Bí gbólóhùn yín bá gùn jù, tí "ìwọ̀nyí tí a ti mẹ́nu bà lókè" kún inú rẹ̀, àwọn lẹ kọ́kọ́ máa sọnù. Ẹ gé e kúrú. Bí ẹ bá sì ní owó fún ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ nínú fídíò ńlá, ẹ jẹ́ kó tóbi débi tí ìka ọwọ́ rẹ̀ á hàn. Ògbufọ̀ tí wọ́n rọ́ sí kọ̀rọ̀ bíi sítáǹpù, ta ló fẹ́ rí i?

Ẹ yẹra fún iná tó ń bù yẹ̀rì yẹ̀rì nínú fídíò. Ní December 1997, eré àwòrán àwọn ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan tan iná pupa àti búlúù bẹ́ẹ̀, ó lé ní 600 èèyàn, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn, gìrì mú àwọn kan nínú wọn. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ayélujára ni pé kí nǹkan má bù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n kan wà fún bí àwọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tó wọ́pọ̀, 3 sí 1 fún lẹ́tà ńláńlá. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21. Yẹ́lò tó mọ́ gaara lórí funfun kò tó 1.1, ìdí nìyẹn tí fláyà yẹ́lò fi máa ń pòórá nínú oòrùn. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn àwọ̀ iléeṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ èyí tó yege sílẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni tó ń ṣe fláyà. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ nìkan gbé ìtumọ̀. Bí ẹ bá ní "àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní pupa kò gba káàdì wa mọ́", ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé á lọ síbẹ̀. Ẹ kọ "kò gbà á mọ́" síwájú orúkọ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ́fíìsì Nàìjíríà fẹ́ràn jù: kí wọ́n tẹ lẹ́tà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n wá fi fóònù ya á, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bíi PDF. Fláyà mìíràn nìyẹn. Ẹ fi PDF tó jáde tààrà láti inú Word ránṣẹ́, kí ìbuwọ́lùwé nìkan jẹ́ àwòrán nínú rẹ̀. Nínú Word náà, ẹ lo Heading fún àkọlé dípò kí ẹ kàn mú lẹ́tà tóbi. Àkọlé gidi ni ẹni tí kò ríran máa ń fò láti ọ̀kan sí èkejì, bí ojú yín ṣe ń fò lórí ojú ìwé ìròyìn.

Nípa wẹ́ẹ̀sáìtì yín, ìlànà tí gbogbo ayé ń lò kí wẹ́ẹ̀sáìtì lè ṣeé lò fún gbogbo èèyàn ni WCAG, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999; ẹ̀dà 2.2 jáde ní October 2023. Ẹ kò nílò láti há a sórí. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ń bá yín ṣe wẹ́ẹ̀sáìtì pé WCAG 2.2, ìpele AA (ìpele kejì nínú mẹ́ta), ni iṣẹ́ náà máa bá mu, kí ẹ sì kọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tí iṣẹ́ bá dé, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbìyànjú láti fi kíbọọ̀dù nìkan, pàápàá bọ́tìnnì Tab, forúkọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kì í lè di máòsì mú. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan sí i. Bí èèyàn bá ṣe àṣìṣe, ṣé fọ́ọ̀mù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àbí ó kàn yí sí pupa lásán? Líǹkì mẹ́wàá tó ń jẹ́ "tẹ ibí" kò wúlò fún ẹni tó ń gbọ́ líǹkì nìkan láti mọ ohun tó wà lójú ìwé. "Wo àwọn ilé ìwòsàn wa n'Ìbàdàn" dáa jù ú lọ. Ẹ rántí SMS ọ̀rẹ́ mi náà: ẹ fún èèyàn láyè tó pọ̀ fún nọ́ńbà ìdánilójú, kí ẹ sì má gba gbogbo ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àkókò bá lọ. Fún kọ̀ǹpútà Windows, NVDA máa ka wẹ́ẹ̀sáìtì yín sí yín létí lọ́fẹ̀ẹ́. Michael Curran, ọmọ Australia tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, nítorí irú rẹ̀ tó wà lọ́jà nígbà náà wọ́n kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ lè rà; James Teh, tí òun náà kò ríran, wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè wá tà fún ọ̀gá yín ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wẹ́ẹ̀sáìtì, tí wọ́n á ní ìlà kóòdù kan ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ má rà á. Ní January 2025, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí accessiBe, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á, san mílíọ̀nù kan dọ́là nítorí ohun tó sọ pé ọjà òun lè ṣe. Ẹ̀rọ kankan kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín tí ẹ fi gbé fọ́tò kan sí ojú ìwé.

Ní báyìí, ìbéèrè ọ̀gá yín. Mélòó ni wọ́n? Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní èèyàn bílíọ̀nù 1.3 ló ní ìpèníjà ara tó nípọn láyé, ìyẹn ọ̀kan nínú ènìyàn mẹ́fà. Nílé wa, ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú 100 èèyàn tó ti pé 40 ọdún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́rin ni kò ríran mọ́. Àwọn tí ojú wọn kàn ṣú díẹ̀ kò sí nínú mẹ́rin yẹn. Iléeṣẹ́ ìlera lẹ jẹ́. Àwọn àgbà, àwọn aláàtọ̀gbẹ, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àwọn gan-an ló ń san owó fún yín, àwọn náà ló sì máa ń fi fóònù jìnnà sójú kí wọ́n tó lè kà á. Ẹ bi àwọn tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín pé ẹni mélòó ló ń pè lóṣù láti béèrè ohun tó wà nínú fláyà. Ẹ kó iye yẹn lọ síwájú ọ̀gá.

Òfin náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, di òfin ní January 2019. Iléeṣẹ́ tó bá rú u lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ òfin lẹ máa fi dẹ́rù bà wọ́n. Ìtàn kan ni kí ẹ sọ fún wọn dípò rẹ̀. Kí ìdíje Olympics 2000 tó bẹ̀rẹ̀ ní Sydney, Bruce Maguire, ọkùnrin kan tí kò ríran, fi ẹjọ́ sùn pé wẹ́ẹ̀sáìtì ìdíje náà kò ṣe é lò fóun, pàápàá torí pé wọn ò kọ àpèjúwe sí àwòrán. Àwọn olùṣètò ní iṣẹ́ náà á gba ẹnì kan ní ọjọ́ 368, pé owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là Australia. Àwọn amòye tó wá jẹ́rìí sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Maguire jàre, àwọn olùṣètò kò ṣe gbogbo ohun tí àjọ tó gbọ́ ẹjọ́ náà pa láṣẹ, àjọ náà sì ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là Australia fún un. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán kọ̀ọ̀kan sókè ni wọ́n ti kọ gbólóhùn kan sí i ni, ta ló máa gbọ́ orúkọ Maguire?

Ẹ tún bá mi sọ fún ọ̀gá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé nínú ohun tí iléeṣẹ́ bá kọ jáde, "ẹni tí kò ríran" dáa ju "afọ́jú" lọ. Ọmọ mélòó ni màmá yẹn ti kọ́ kí ojú wọn tó lọ?

Owó dà? Ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àkókò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa gbà yín. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ náwó sí ni àwọn tí yóò dán an wò. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín oníbàárà yín: ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò gbọ́ràn, àgbà kan tí ojú rẹ̀ ṣú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ san owó iṣẹ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ kí ẹ máa kọ ibi tí wọ́n ti dúró sílẹ̀. Ẹ má bèèrè rẹ̀ bí oore. Ìmọ̀ tí wọ́n ní, ẹ̀yin ò ní i.

Ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹ ti dá káàdì màmá padà. Ẹ̀yin lẹ fi ọjọ́ yẹn pamọ́ sínú fọ́tò, nítorí náà ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ kí wọ́n dá a padà láìgba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ọ̀nà tuntun yìí, ọ̀rọ̀ títẹ̀ àti voice note, kí ó jẹ́ àwọn lẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ pè wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín ohun tí wọ́n gbọ́.